Ìtanràn 750,000 náírà lórí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá: ta ni ká dá lẹ́bi?

Akínwálé_Mọ́níyà (Ọjọ́ Ajé, aago 8:12 alẹ́)

Mo kí gbogbo ilé. Bàbá mi, tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ fẹ̀yìntì, máa ń ṣe ìpàdé oṣooṣù pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, ọlọ́pàá mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Nítorí pé èmi ni mo máa ń bá wọn ka ìwé tó bá ti Àbújá wá, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá náà bi mí léèrè ní ìpàdé tó kọjá pé báwo ni ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ nínú kíkó owó ìfẹ̀yìntì àwọn jẹ ṣe san 750,000 náírà, tí ó sì gba ilé rẹ̀ lọ. Mo dáhùn pé òfin ló kéré. Nígbà tí mo délé, ọkàn mi kò balẹ̀ lórí ìdáhùn náà, ni mo fi ní kí n gbé e wá síbí kí n tó padà lọ bá wọn ní Sátidé.

Fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti fò lórí: ní oṣù kìíní ọdún 2013, John Yakubu Yusufu, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá nígbà náà, dúró níwájú Adájọ́ Abubakar Talba ní ilé ẹjọ́ gíga Àbújá, ó sì gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Owó tí ọ̀ràn náà dá lé lórí ju bílíọ̀nù 20 náírà lọ. Adájọ́ ní kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó san 250,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹsẹ̀ ló san án. Ilé ẹjọ́ tún gba ilé 32 àti owó tó ju mílíọ̀nù 300 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìjọba, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi kún un bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo gbè sápá kan.

Ohun tí mo rí kà nínú ìwé òfin tí a ń pè ní Penal Code, èyí tí wọ́n ń lò ní Àbújá, ni pé ìyà abala 309, tí wọ́n fi kàn án, kò kọjá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí ìtanràn, tàbí méjèèjì pọ̀. Bí òfin bá ti ní ọdún méjì, kí ni adájọ́ tún fẹ́ ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, ṣé àlàyé tí mo ṣe fún àwọn bàbá náà tọ̀nà?

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀yọ́ (Ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́)

Àwọn àgbà máa ń béèrè pé olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fun ún. Ẹ wá bá mi ka ilé 32. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí gbogbo ọ́fíìsì mọ iye owó oṣù rẹ̀ ló ní wọn, kò sì sí ọ̀gá kan, akẹgbẹ́ kan tàbí aládùúgbò kan tí ó gbọ́ ìró kàkàkí náà títí àwọn EFCC fi dé. Èmi kò tilẹ̀ tíì dé ọ̀dọ̀ adájọ́ yín.

Agbẹjọ́rò_Adó (Ọjọ́ Ajé, aago 9:55 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Akínwálé, ìdáhùn yín kò burú, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Orí ìdájọ́ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, bẹ́ẹ̀ orí ìwé ẹ̀sùn ni ó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé adájọ́ kì í jẹ ènìyàn níyà lórí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ṣe bí kò ṣe lórí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí wọ́n sì kà sí i létí. Bí ẹ bá kúrò lórí abala 309 nínú Penal Code kan náà, tí ẹ sì kà síwájú díẹ̀, ẹ ó bá abala 315. Ẹ fi àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Abala 309 ń bá ẹni tó sọ ohun olóhun di tirẹ̀ wí. Ẹni tó he àpamọ́wọ́ lójú títì, tí ó mọ ẹni tó ni ín, tí ó sì ná owó inú rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Abala 315 ní tirẹ̀ ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ báǹkì tàbí aṣojú wí, ẹni tí wọ́n fi ohun kan sí ní ìkáwọ́ nítorí ipò tó dì mú, tí ó wá yíjú padà jẹ ẹ́. Ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ lè tó ọdún 14, ìtanràn sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kún ẹ̀wọ̀n náà, a kò lè fi í rọ́pò rẹ̀. Ní ìhà gúúsù níbí, níbi tí Criminal Code ti jẹ́ òfin wa, òṣìṣẹ́ ìjọba tó jí ohun tó dé ọwọ́ rẹ̀ nípasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún méje, nígbà tí olè lásán ń gba ọdún mẹ́ta. Àwọn tó kọ òfin wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé olè tó fọ́ fèrèsé wọlé àti ẹni tí onílé fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Nítorí náà, òfin kò kéré. Orúkọ tí wọ́n pe ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn jẹ́wọ́ ló kéré. Gbogbo ẹ̀sùn mẹ́ta tí ó gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀, abẹ́ 309 ni wọ́n wà. Ẹni tí wọ́n fi owó arúgbó ṣọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe bí ẹni tó he nǹkan lọ́nà.

Adéṣínà_Òṣogbo (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 àárọ̀)

Agbẹjọ́rò wa, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn tó gbé ẹjọ́ lọ. Ẹ̀yin gan-an mọ bí ẹjọ́ irú èyí ṣe ń falẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́yà àgbà mẹ́fà yóò dìde lọ́jọ́ kan náà láti sọ pé ilé ẹjọ́ kò láṣẹ láti gbọ́ ọ̀rọ̀, wọn yóò gbé àríyànjiyàn yẹn nìkan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ẹlẹ́rìí yóò kú, fáìlì yóò sọnù, adájọ́ yóò gba ìgbéga lọ sí ibòmíràn, ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú àwọn olùjẹ́jọ́ bá wá ní òun gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn tó fúyẹ́, ṣé kí agbófinró kọ̀ ọ́ ni? Àwọn ilé àti owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọdún mélòó ni à bá fi wá wọn bí ó bá ní òun kò jẹ̀bi?

Agbẹjọ́rò_Adó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:02 àárọ̀)

Mi ò jiyàn pé ó yá ju. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gba ìjẹ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà nípò ìfọkàntán, ẹ gbà á lórúkọ tó jẹ́, kí ẹ wá bẹ adájọ́ pé kí ó ṣàánú nínú ọdún 14 náà. Bí ẹ bá ti yí orúkọ padà, kò sí ohun tó kù tí adájọ́ yóò fi ṣe é.

Mojísọ́lá_Abẹ́òkúta (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 12:31 ọ̀sán)

"Kò sí ohun tó kù tí adájọ́ yóò fi ṣe é." Èmi kò gba gbólóhùn yìí wọlé, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin méjèèjì kò mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ àkọ́kọ́.

Bí ariwo ti gba ìlú, àjọ EFCC tún mú ọkùnrin náà lórí ẹ̀sùn mìíràn, pé kò sọ òtítọ́ nípa gbogbo ohun ìní rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, NJC, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, ní kí Adájọ́ Talba lọ rọ́kún nílé fún oṣù 12 láìgba owó oṣù, nítorí bí ó ṣe lo òye rẹ̀ lórí ẹjọ́ náà. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ẹ wá wo ohun tí àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn ṣe. Wọn kò lo abala 315, nítorí pé kì í ṣe òun ni wọ́n dá a lẹ́bi lé. Abala 309 tí ẹ ní ó kéré yẹn náà ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí ó lo ọdún méjì lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan parí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó di ọdún mẹ́fà gbáko, kí ó sì tún san bílíọ̀nù 22.9 náírà.

Òfin kan náà, ẹ̀sùn kan náà, ọkùnrin kan náà. Níbo ni wọ́n ti rí i? Òfin náà fi gbèdéke lé ọdún ẹ̀wọ̀n, kò fi gbèdéke lé ìtanràn. Ó tún sọ pé "tàbí méjèèjì". Ọwọ́ ẹni tó jókòó sórí àga ni yíyàn wà, láti 250,000 náírà títí dé iye gbogbo tó sọnù, òun ló sì mú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n Akínwálé, ẹ má sọ fún àwọn bàbá yẹn mọ́ pé òfin ló kéré. Ẹ̀yin náà, Agbẹjọ́rò, ẹ má di gbogbo ẹrù náà lé orí àwọn tó kọ ìwé ẹ̀sùn.

Agbẹjọ́rò_Adó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:15 ọ̀sán)

Àǹtí Mojísọ́lá, ẹ mú mi níbẹ̀. Mo gbà. Síbẹ̀, ẹ gbà fún mi pé ọdún mẹ́fà yẹn ni òpin ibi tí wọ́n lè gbé e dé, nígbà tí ẹ̀sùn kan ṣoṣo lábẹ́ 315 lè gba ọdún 14.

Ṣọlá_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:48 ìrọ̀lẹ́)

Mo fẹ́ fi ohun kékeré kan kún ọ̀rọ̀ orúkọ tí Agbẹjọ́rò sọ. Níbí ní Ìlú Ọba, ìwà àìtọ́ nínú ipò ìlú jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ní orúkọ tirẹ̀ láti ayébáyé, ìjìyà rẹ̀ sì lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Kò dìgbà tí wọ́n bá rí owó lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá mọ̀ọ́mọ̀ dalẹ̀ ipò tí wọ́n fi ọ́ sí láìní àwíjàre tó bọ́gbọ́n mu, ó ti tó. Wọ́n ti fi í mú ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ipò náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n kà sí ohun tí ẹni náà bà jẹ́. Tiwa ń béèrè pé èló ló sọnù, lẹ́yìn náà la ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi náírà wọn ẹ̀wọ̀n.

Akọ̀wé_Àtijọ́ (Ọjọ́rú, aago 5:30 àárọ̀)

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo fi ọdún 31 ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí n kò ní dárúkọ, ọdún mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní tábìlì owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa adájọ́ àti lọ́yà, kò sì sí ẹni tó tíì sọ bí wọ́n ṣe ń jẹ owó náà kó tó di ẹjọ́.

Ènìyàn mẹ́rin ló yẹ kí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn: ẹni tó ń gba orúkọ wọlé, ẹni tó ń ṣírò iye tó tọ́ sí olúkúlùkù, ẹni tó ń fọwọ́ sí i, àti ẹni tó ń san án. Níbi tí nǹkan bá ti bàjẹ́, ẹ ó rí i pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ẹni méjì tó ń jẹun nínú àwo kan. Arúgbó kan kú ní abúlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sọ fún ìjọba, nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n sọ. Akọ̀wé ti mọ̀, nítorí pé arúgbó náà kò wá síbi àyẹ̀wò. Dípò kí ó fi pẹ́ńsù fa orúkọ náà, nọ́ńbà àkáǹtì ni ó pààrọ̀, òkú sì ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù láìpẹ́ láìyẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ti orúkọ tí kò ní ènìyàn rárá, èyí tí wọ́n fi ń gbé iye tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ga ju iye tí àwọn alààyè nílò lọ. Àṣẹ́kù rẹ̀ ni wọ́n ń pín.

Ìdí tí ó fi ṣòro láti rí ni pé gbogbo àyẹ̀wò, orí alààyè ló ń já sí. Arúgbó tó ń gbọ̀n ni wọ́n ń sọ fún pé kí ó lọ mú lẹ́tà ìgbaṣẹ́ tọdún 1968 wá. Òun ni wọ́n ń fi sórí ìlà láti aago márùn-ún àárọ̀. Òkú kì í tò sórí ìlà, fáìlì òkú sì máa ń pé pérépéré, torí pé ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò náà ló kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo fọwọ́ sí ìwé tí n kò kà tán nítorí pé ọ̀gá ló gbé e dúró sí mi lórí, tí ó ní báǹkì ń dúró. N kò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Títí di òní, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo orúkọ tó wà nínú àwọn ìwé yẹn ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìbéèrè Ìyá Ìbejì nípa ilé 32 wúwo ju bí ẹ ṣe kà á sí lọ. Ọwọ́ mélòó ló fi ìwé tì í lẹ́yìn? Orúkọ ẹnìkan la mọ̀.

Ọmọ_Ìlárá (Ọjọ́rú, aago 9:10 àárọ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun fún òtítọ́ yẹn.

Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń yẹ nǹkan wò, kò yẹ kí ẹ gbàgbé Abdulrasheed Maina. Ọdún 2010 ni ìjọba fi í ṣe olórí ikọ̀ tí yóò fọ ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì mọ́, tí yóò yọ àwọn orúkọ ayédèrú kúrò. Ní 2012, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í bi òun gan-an léèrè. Ní 2013, wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì sá lọ. Ní 2017, ìlú ṣàdédé gbọ́ pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí wọ́n tilẹ̀ gbé e ga, àfìgbà tí Ààrẹ Buhari ní kí wọ́n yọ ọ́ lọ́gán. Nígbà tí ẹjọ́ wá dé, Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ṣe oníduró rẹ̀. Maina tún sá, ni adájọ́ bá ní kí wọ́n gbé oníduró lọ sí ẹ̀wọ̀n Kuje ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Ọjọ́ díẹ̀ ló lò níbẹ̀ kí wọ́n tó gba béèlì rẹ̀, orílẹ̀-èdè Niger ni wọ́n sì ti lọ mú Maina padà wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Adájọ́ Okon Abang rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ lórí ọ̀ràn bílíọ̀nù méjì náírà àti díẹ̀. Ológbò tí a ní kó wá ṣọ́ ẹja lọ́wọ́ eku.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ọdún 2017 yẹn. Ẹni tí gbogbo ìwé ìròyìn ti ya àwòrán rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan jókòó, wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n sì fún un ní tábìlì. Ọwọ́ tó fi ìwé tì í, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí.

Adéṣínà_Òṣogbo (Ọjọ́rú, aago 10:44 àárọ̀)

Ṣé kò wá sí ohun tó yí padà ni? Ọdún ti ń gorí ọdún láti 2013.

Agbẹjọ́rò_Adó (Ọjọ́rú, aago 8:26 alẹ́)

Ó wà. Ọdún 2013 yẹn náà ni wọ́n dá PTAD, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, sílẹ̀, tí wọ́n kó ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá àti àwọn mìíràn tó wà káàkiri sábẹ́ òrùlé kan. Ní 2014, òfin tuntun lórí owó ìfẹ̀yìntì jáde. Abala 100 rẹ̀ ní kí ẹni tó bá darí owó ìfẹ̀yìntì sí ibòmíràn san ìlọ́po mẹ́ta iye tó kó, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: "kò gbọdọ̀ dín". Òfin àtijọ́ ń sọ ibi tí ìyà kò gbọdọ̀ kọjá. Èyí ń sọ ibi tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ dé. 250,000 náírà kò lè bá ibẹ̀ wọlé mọ́. Bí Àǹtí Mojísọ́lá bá ní àwọn aṣòfin kò fọkàn tán àwọn adájọ́ mọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá wọn jiyàn.

Mojísọ́lá_Abẹ́òkúta (Ọjọ́rú, aago 8:51 alẹ́)

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Síbẹ̀, "tàbí" ṣì wà láàárín owó àti ẹ̀wọ̀n nínú òfin tuntun náà. Ẹni tó bá kó owó tó pọ̀ tó lè ronú pé òun yóò fi ra ara òun padà.

Akínwálé_Mọ́níyà (Ọjọ́bọ̀, aago 7:30 àárọ̀)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yí ìdáhùn mi padà. Ohun tí n ó sọ fún wọn ní Sátidé ni pé òfin tó tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé orúkọ tó kéré ni wọ́n pe ọ̀ràn náà, pé adájọ́ tún mú èyí tó kéré jù nínú ìyà tó kéré náà, àti pé ọdún márùn-ún gbáko ló gbà kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó tún un ṣe. Ti ọwọ́ tó fi ìwé ti ni lẹ́yìn, n ó ka ọ̀rọ̀ Bàbá Akọ̀wé sí wọn létí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, bí wọ́n bá gbà mí láyè.

Akọ̀wé_Àtijọ́ (Ọjọ́bọ̀, aago 8:05 àárọ̀)

Mo gbà ọ́ láyè, má ṣáà dárúkọ mi. Bí o bá sì dé ọ̀hún, bi àwọn ọlọ́pàá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bóyá lẹ́tà ìgbaṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ tí kò bá wọn gbé ilé kan náà.

Akínwálé_Mọ́níyà (Ọjọ́bọ̀, aago 8:11 àárọ̀)

Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀kan nínú wọn ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tòun wà, pé eku sì ti jẹ apá ibi tí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. N ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé lọ́la.